Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Kí Èkejì?

Gbogbo Ayépé ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí Frederick Bọ́dúnrìn gé igi obì bàbá rẹ̀ lulẹ̀. Àwọn tí kò sí nílé lọ́jọ́ náà gan-an máa ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni pé àwọn ló di ayùn mú.

Ọ̀rọ̀ ta lẹ̀gbọ́n ló fà á. Nígbà tí wọ́n bí Frederick, wọ́n ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n sì gbin igi obì lé e lórí lọ́jọ́ kan náà. Frederick wá gbọ́ níbì kan pé bí a bá gé igi, a óò rí òrùka nínú rẹ̀, òrùka kan fún ọdún kan. Ó di dandan kí ó gé e. Kí ó ka òrùka. Kí Gbàdàmọ́sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ó sì panu mọ́ títí ayé.

"Òní ni ẹjọ́ parí," ó wí. "Igi kì í purọ́."

"Igi kì í purọ́ lóòótọ́," Gbàdàmọ́sí dáhùn. "Ẹni tó ni ín ńkọ́?"

Arúgbó mẹ́ta ni wọ́n, kò sì sí èyí tó yẹ kí wọ́n fún ní ayùn nínú wọn. Frederick, wolé-wolé tó ti fẹ̀yìntì, di etí ayùn kan mú. Gbàdàmọ́sí, tó wa lọ́rì títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, di etí kejì. Richard, àbúrò Edith tí í ṣe ìyàwó Frederick, dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń nàka síbi tí igi yóò wó sí. Olùkọ́ ìṣirò ni Richard kó tó fẹ̀yìntì.

"Ọ̀nà oko ni yóò wó sí," ó wí. "Mo ti ṣírò rẹ̀."

Orí ilé ìdáná Edith ló wó sí.

Orí ló kó Edith yọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti pè wọ́n wá jẹun ni, ọmọ-orógùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Páànù ya. Ògiri là. Ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ tó wà lórí iná di àwátì sábẹ́ ewé obì. Frederick kò wo ìyàwó rẹ̀. Kò wo ilé ìdáná. Ó sáré lọ sídìí kùkùté, ó kúnlẹ̀, ó nu awò ojú rẹ̀, ó sì fẹ́ eruku kúrò.

Ikán ti jẹ inú igi náà tán. Ihò lásán. Kò sí òrùka kan ṣoṣo.

Gbàdàmọ́sí náà bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo inú ihò. Ó pẹ́ níbẹ̀. "Mo ti rí ọjọ́ orí rẹ," ó wí. "Òfo ni."

Kò yẹ kí á purọ́ mọ́ olóògbé. Frederick Bọ́dúnrìn kì í ṣe ẹni tó rọrùn láti bá gbé. Ẹni tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ayé ni. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìlú, gbólóhùn kan ló máa ń tó o. Ará Ìjẹ̀bú-Òde: ariwo. Ará Odògbolú: oorun. Bí wọ́n bá bi í léèrè nípa àwọn ará Ayépé, tí í ṣe ìlú rẹ̀ gan-an, yóò kàn mí kanlẹ̀.

Iṣẹ́ wolé-wolé ló bà á jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń wọ ilé onílé láìkan ilẹ̀kùn, tó ń ṣí ìkòkò omi wọn, tó ń wo ìdí balùwẹ̀ wọn. Ìjọba fún un ní ìfẹ̀yìntì. Kò gbà á. Títí dé ọdún tó kẹ́yìn láyé rẹ̀, bí ó bá dé ilé ẹnikẹ́ni, ìdí ìkòkò omi ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nílé Gbàdàmọ́sí lọ́jọ́ Iléyá, lójú àwọn àlejò.

"Tánwíjí wà nínú omi rẹ," ó wí.

"Fi wọ́n sílẹ̀," Gbàdàmọ́sí wí. "Àgbà ni wọ́n jẹ́ fún ọ."

Gbogbo nǹkan láàárín àwọn méjèèjì, ibẹ̀ ló máa ń já sí. Ìṣòro kan sì wà. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn, tàbí kí ó sún mọ́ ọn, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Frederick ní òun ti ń rìn nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú jà. Gbàdàmọ́sí ní òun ti ń jíṣẹ́ nígbà náà. Frederick ní òun ti ń jíṣẹ́, òun sì ń gbàgbé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó fi hàn pé òun ti dàgbà.

Ẹni tó bá mọ ilé tí Frederick ti wá yóò mọ̀ pé kì í ṣe eré. Ìyá rẹ̀ bímọ mẹ́fà, òun nìkan ló dúró. Ó dàgbà nínú ilé tí kò ti sí ẹni tí yóò rán níṣẹ́, tí kò ti sí ẹni tí yóò fún ní egungun ẹran tó bá jẹ kù. Kò sí ẹnu kankan láyé tó pè é ní ẹ̀gbọ́n mi rí. Richard ń pè é ní àna mi, nítorí ohun tó jẹ́ nìyẹn. Gbàdàmọ́sí, tí wọ́n jọ tọ́ dàgbà, nìkan ló lè pè é bẹ́ẹ̀. Gbàdàmọ́sí sì ní kàkà kí òun pè é ní ẹ̀gbọ́n, òun yóò pe ewúrẹ́ ní bàbá.

Nítorí náà ni àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí kò ṣe kí ara wọn rí. Àbúrò ló ń kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n; gbogbo ayé ló mọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ gbogbo ni wọ́n máa ń pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Richard lọ́nà Fọlágbádé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Frederick á jókòó sí àga tirẹ̀. Gbàdàmọ́sí á jókòó sí tirẹ̀. Wọ́n á máa wo títì. Kò sẹ́ni tí yóò la ẹnu. Richard á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fọ eyín lọ́wọ́, á sì jẹ́ kí wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ìyẹn nìkan ni ìsinmi tó ní.

Nígbà tó bá jáde, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà."

"Káàárọ̀," àwọn méjèèjì á dáhùn, lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣáájú ẹnìkejì. Lẹ́yìn náà ni èébú ọjọ́ náà á bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ régbérégbé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìlú jẹ́. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ sójúde Ọba lẹ́yìn Iléyá, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi Frederick àti Gbàdàmọ́sí sí.

"Èmi àti àbúrò mi nínú régbérégbé kan?" Frederick wí. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa bá ọmọdé yan ni?"

Ó lọ bá ẹgbẹ́ àwọn tó ṣáájú. Wọ́n ní kó lọ dàgbà sí i kó tó padà wá. Ẹni àádọ́rin ọdún! Ó bínú, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ní ààrẹ kan, akọ̀wé kan àti ọmọ ẹgbẹ́ kan. Frederick, Frederick, Frederick.

Ó dá fìlà ẹgbẹ́. Ó ya asíá. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, òun nìkan ló ń yan láàárín ẹgbẹ́ méjì tó kún fọ́fọ́, pẹ̀lú àlàfo ńlá níwájú àti lẹ́yìn, bí eyín kan tó ṣẹ́ kù lẹ́nu arúgbó. Richard ló gbé asíá, nítorí àbúrò ìyàwó kì í kọ iṣẹ́. Obìnrin kan bi Richard léèrè ẹgbẹ́ tó wà. "Èmi kò sí nínú ẹgbẹ́ o," Richard wí, òógùn bò ó. "Àna ẹgbẹ́ ni mí."

Gbàdàmọ́sí wà láàárín ọ̀pọ̀ èrò tirẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ó gbé ọwọ́ sẹ́nu bíi fèrè. "Richard!" ó kígbe. "Ẹ rọra o! Ẹ má tẹ ara yín pa!"

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n lọ wá ẹlẹ́rìí. Ìyá Mùínátù wà ní Odògbolú, ó ti darúgbó kọjá ìṣirò, ojú rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì lọ síbì kankan. Òun ló bá ìyá àwọn méjèèjì tọ́ wọn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Wọ́n wọ ọkọ̀ Píjò Gbàdàmọ́sí. Frederick lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kí gbogbo ọ̀nà lè rò pé Gbàdàmọ́sí ni dírẹ́bà rẹ̀. Gbàdàmọ́sí sọ̀kalẹ̀. Ó kó táyà ògbólógbòó tì í lápá ọ̀tún, ó kó òmíràn tì í lápá òsì, ó wa ọkọ̀ lọ. Ẹrù ni Frederick fi dé Odògbolú.

"Ẹ̀yin méjèèjì ni mo máa ń kó lọ sọ́jà Ayépé," Ìyá Mùínátù wí. "Àwọn ìyá yín á ti ṣíwájú. Màá pọn ọ̀kan. Èkejì ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, òun á máa fẹsẹ̀ rìn. Á di aṣọ mi mú, á máa sunkún látibí títí dé ọ̀hún pé kí n pọn òun náà."

Kò sí òpè nínú wọn. Ẹni tí wọ́n pọ̀n ni àbúrò. Ẹni tó ń rìn nílẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n.

"Èmi ni mò ń sunkún," Frederick wí.

"Ìwọ kẹ̀?" Gbàdàmọ́sí fò dìde. "Ẹ má dá a lóhùn, ìyá. Èmi ni. Mo sunkún dáadáa."

"Irọ́ ni! Ẹkún mi ni! Gbogbo ọjà ló mọ ẹkún mi!"

"Ẹni tó ń sunkún yẹn," Ìyá Mùínátù wí, "ó burẹ́wà púpọ̀. Ikun imú rẹ̀ a máa dà wọ ẹnu."

"Èmi ni," àwọn méjèèjì wí.

"Ó tún máa ń tọ̀ sára."

"Èmi ni, ìyá," Gbàdàmọ́sí wí, ó gbé ọwọ́ lé àyà.

Frederick Bọ́dúnrìn, ẹni tí kò jẹ́wọ́ rí pé òun ń làágùn, na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé. "Mo ṣì ń tọ̀ ọ́!" ó kígbe.

Richard ní láti jáde. Nígbà tó padà wọlé, Ìyá Mùínátù ti ń sùn lọ. Wọ́n jí i. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó ṣáà dárúkọ ẹnì kan. Ó mi orí. "Ẹkún ni mo rántí," ó wí. "Mi ò rántí ẹni tó ni ín."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Olúyọmí, ọmọ Richard, kó kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Eré aláwàdà kan ni, tí wọ́n ti ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n òyìnbó láti ọdún gbọọrọ. Àwọn òyìnbó arúgbó mẹ́ta tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń fi hàn, tí wọ́n ń rìn kiri lórí òkè, tí wọ́n ń hùwà tí ọmọdé ń jẹgba lé lórí. Olúyọmí ní eré náà yóò dá wọn lára yá.

Frederick wò ó bí ẹni ń wo ìdọ̀tí inú ìkòkò. "Èwo lẹ̀gbọ́n nínú wọn?"

"Wọn kì í wo ìyẹn níbẹ̀, àna mi," Richard wí.

"Kí ni wọ́n wá ń wò?"

Kò rẹ́rìn-ín. Kò wo eré. Ọwọ́ ló ń wò. Ta ló bu tíì fún ta? Èyí tó gùn bu tíì fún èyí tó kúrú. "Ó ti yé mi," Frederick wí. "Èyí tó gùn yẹn ni àbúrò." Kò tíì sọ ọ́ tán tí èyí tó kúrú fi gbé àkàbà fún èyí tó gùn, tó sì ń pè é lórúkọ pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu. Frederick bọ́ awò ojú rẹ̀. Ojú tì í fún wọn.

Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí Gbàdàmọ́sí gbè sẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ wo àgbàlagbà," ó wí. "Wọn ò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú ẹran."

"Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń rìn kiri lórí òkè," Frederick wí.

"Kí ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń wá."

Wọ́n wo gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà tán, wọ́n sì bú gbogbo rẹ̀. Arúgbó mẹ́ta tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, lórí àga mẹ́ta, tí wọ́n ń bú arúgbó mẹ́ta tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Richard rí i. Ó bu tíì fún wọn, lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì.

Nígbà tí àìsàn gbé Frederick dè ní Ayépé, ojoojúmọ́ ni Gbàdàmọ́sí ń wa ọkọ̀ lọ bá a. Kò kí i. Á wọlé, á fa àga, á jókòó, á máa wò ó títí Edith yóò fi wọlé wá sọ pé ẹ káàsán o, tí àwọn méjèèjì á dáhùn, tí ẹnu á là. Ohùn Frederick ti rẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gàn inú rẹ̀ kò dín rárá.

"Bí mo bá kú," ó wí lọ́jọ́ kan, "jókòó sílé rẹ."

"Kí ló dé?"

"Ṣebí ìwọ lẹ̀gbọ́n? Ẹ̀gbọ́n kì í dé ibi sàréè àbúrò. Bí o bá fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀, o ti gbà nìyẹn. Lójú gbogbo Ayépé. Ẹjọ́ parí."

"Ta ló fẹ́ wá?" Gbàdàmọ́sí wí. "Màá wà nílé. Màá máa mu tíì."

"Mu ún dáadáa."

"Màá tilẹ̀ fi búrẹ́dì sí i."

Frederick rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Edith lé Gbàdàmọ́sí jáde. Ìgbà yẹn ni wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Ọjọ́ ìsìnkú, ará ìlú wá ju bí olóògbé ṣe yẹ lọ. Kò sẹ́ni tó purọ́ pé ìfẹ́ Frederick ló gbé òun wá. Edith ti ròyìn ọ̀rọ̀ tíì náà fún ìlú, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá Gbàdàmọ́sí yóò wá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò rí i. Wàhábì oníṣòwò páànù, ẹni tó tún òrùlé ilé ìdáná Edith ṣe, ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọkùnrin ni Àlàájì Gbàdàmọ́sí," ó wí. "Ó ń mu tíì ẹ̀."

Wọ́n gbé pósí jáde, wọ́n kọrí sí ilé, nítorí ẹ̀gbẹ́ kùkùté igi obì ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni Píjò ti yọ. Ó dúró gbágá láàárín ọ̀nà. Gbàdàmọ́sí sọ̀kalẹ̀, ó wọ agbádá funfun, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó lọ bá àwọn tó gbé pósí. Ó di etí aṣọ tí wọ́n fi bo pósí mú. Ó ń bá wọn rìn.

Ó sì ń sunkún. Kì í ṣe omijé àgbà tí à ń fi etí aṣọ nù. Ẹkún ni. Ikun imú dà wọ ẹnu rẹ̀, kò nù ún. Wọ́n gbé ọ̀kan. Èkejì ń fẹsẹ̀ rìn nílẹ̀, ó di aṣọ mú, ó ń sunkún látibẹ̀ títí délé.

Richard ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ìrìn rẹ̀ dúró. Ó rántí Odògbolú. Olùkọ́ ìṣirò ṣírò rẹ̀, ó tún un ṣírò, ó sì pé. Gbàdàmọ́sí lẹ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣírò nǹkan fún àwọn méjèèjì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìṣirò rẹ̀ yóò pé, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún.

Létí sàréè, àlùfáà ìjọ ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá da erùpẹ̀. Àwọn ọmọ. Susannah àti àwọn yòókù wá. Àwọn àna. Richard wá pẹ̀lú àwọn ará ilé Edith.

"Àwọn àbúrò olóògbé," àlùfáà pè.

Kò sẹ́ni tó yọjú. Àwọn ènìyàn wo ara wọn. Edith wo ilẹ̀. Àyè náà ṣófo, ó ṣófo bí inú igi obì. Àlùfáà wúkọ́, ó fẹ́ pe àwọn tó kàn.

"Ẹ dúró," Gbàdàmọ́sí wí.

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún Richard. Ó ṣí fìlà. Ó rìn lọ sétí sàréè, níwájú gbogbo Ayépé, ó sì dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe èyí tí à ń fi ìka kan ilẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà lórí amọ̀ pupa, agbádá funfun àti gbogbo rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ó wí.

Ó dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń dúró. Nígbà tó pẹ́, ó gbé orí sókè, amọ̀ lágbọ̀n, ó wo gbogbo wọn káàkiri.

"Ẹ ò rí i?" ó wí. "Mo kí i, kò dáhùn. Ẹ wo ìgbéraga."

Edith ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú omijé lójú. Ẹ̀rín náà ràn káàkiri, ó ran àlùfáà pàápàá. Gbàdàmọ́sí gbìyànjú láti dìde, orúnkún kọ̀. Richard gbé apá kan, Wàhábì gbé apá kejì. "Mo ṣubú ni o," Gbàdàmọ́sí ń sọ fún wọn. "Kò sẹ́ni tó dọ̀bálẹ̀. Ẹsẹ̀ ló yọ̀ mí."

Ó ṣì ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Richard láràárọ̀. Àga mẹ́ta náà ṣì wà níbẹ̀. Richard á fọ eyín rẹ̀ tán, á jáde, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà." Gbàdàmọ́sí kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ dúró díẹ̀, ojú rẹ̀ á wà ní títì, kí ohùn kejì lè bá tirẹ̀ jáde pọ̀.

Lẹ́yìn náà ni á wá dáhùn, jẹ́jẹ́.